Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ̀n Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ọmọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, wọ́n ní kí n sọ tèmi fún yín. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wúlò. Iṣẹ́ tí mo ṣe kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí níbi ìsọmọlórúkọ pé kí ni mò ń ṣe, mo máa ń sọ pé mò ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn ò dá ṣáṣá. Tí wọ́n bá tún bi mí pé báwo, màá ní, "A máa ń gbọ̀n wọ́n." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò mí bíi pé mò ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Àwọn ọmọ kan wà tí iṣan ẹsẹ̀ wọn gan láti kékeré. Ti àwọn mìíràn sì rọ̀ jù, kò lè gbé wọn dúró. Tí èèyàn bá mú kí ara wọn máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tó yẹ, èyí tó gan á dẹ̀, èyí tó rọ̀ á jí. Fún ìgbà díẹ̀ ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ bíi pé mo sọ pé a máa ń wo ọmọ sàn. Ilẹ̀kùn kékeré kan là ń ṣí, kí ọmọ lè yára kọ́ nǹkan kan kí ilẹ̀kùn náà tó tún padé. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi ò ju ìyẹn lọ.

Ìtamaga ni wọ́n bí mi sí, ní Ìkòròdú. Mo ka ìwé mẹ́wàá, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ìdájí, èmi náà ì bá bá wọn lọ, àmọ́ ariwo ẹ̀rọ ńlá máa ń bà mí lẹ́rù láti kékeré. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú nígbà yẹn. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ fún mi pé ìyá kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ Àgíríìkì ń wá ẹni tó ní sùúrù. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé.

Ìyá náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó sì máa ń fi jígí rẹ̀ kọ́rùn. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn títọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ló ṣe ní ọsibítù ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó wá fi yàrá mẹ́ta nínú ilé rẹ̀ gba àwọn ọmọ. Gbogbo wa ń pè é ní Mọ́mì, títí kan àwọn ìyá ọmọ tó dàgbà jù ú lọ.

Mo rò pé màá fọwọ́ kan ọmọ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Rárá o. Báàsí omi ni Mọ́mì gbé síwájú mi. Ó ní kí n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sí etí báàsí náà, kí n máa gbọ̀n ọ́n, kí òrùka omi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ máa rìn láti etí lọ sí àárín, kí ẹ̀kán omi kan má sì ta sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń gbọ̀n ọ́n, mà."

"Ṣé èlùbọ́ lò ń jọ̀ ni? Láti èjìká ni, kì í ṣe láti ọrùn ọwọ́. Nu ilẹ̀ yẹn, kó o tún bẹ̀rẹ̀."

Bí mo ṣe wà pẹ̀lú omi nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, á bà lé omi, ìmọ́lẹ̀ á máa jó lókè àjà. Nígbà mìíràn, mi ò mọ̀ bóyá mo jí ni àbí mo ti sùn. Èjìká mi á máa ṣiṣẹ́, ojú mi á wà lókè níbi tí òrùka ìmọ́lẹ̀ ti ń lé ara wọn, gbogbo ilé á dákẹ́. Mọ́mì á kọjá lẹ́yìn mi láìsọ̀rọ̀. Tí kò bá ti bú mi, mo mọ̀ pé ó dáa nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kékeré kan tó dùbúlẹ̀ ló fún mi. Mo tẹ́ ọwọ́ sí i ní iwájú ẹsẹ̀, mo ń gbọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń gbọ̀n omi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ọwọ́ mi: iṣan tó le bí igi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, bí òrí tí wọ́n gbé sún mọ́ iná. Omi bọ́ lójú mi. Mọ́mì ní, "Sunkún lẹ́yìn iṣẹ́. Tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ká báyìí, kó tó tún gan." Ó le. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò le. Tí ọmọ bá sùn lórí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ burúkú ni, nítorí ọmọ tó sùn kò kọ́ nǹkan kan. Tí èèkánná ọwọ́ rẹ bá gùn, yóò rán ọ lọ sílé.

Ọwọ́ la kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí Mọ́mì láti òkè òkun, ó jọ áyọ́ọ̀nù ọmọdé, a máa ń gbé e lé iṣan lórí. Nígbà tó ṣe, pátákó onírin dé. Kò fẹ̀ ju ìjókòó àga lọ, ọmọ á dúró lé e, á di irin iwájú rẹ̀ mú, pátákó á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá wà nínú yàrá kejì, ìró rẹ̀ dà bí oyin nínú igi tó jìnnà. Òfin Mọ́mì ni pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ gun pátákó náà kí òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ bọ́ bàtà gùn ún. "Tẹ orúnkún rẹ. Tí eyín rẹ bá ń pàdé ara wọn, ó ti pọ̀ jù fún wọn." Mo fẹ́ràn ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ kì í jẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ó máa ń dà bíi pé mo dúró lórí nǹkan tó ń mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a máa ń gbé pátákó náà lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n fún Mọ́mì ní yàrá kan nítòsí ọ̀sà. A máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, a ó gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Tí a bá kọjá Ìtọ́ìkín láàárọ̀, kùrukùru á bo ọ̀nà, igi á máa yọ síni lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Kọ́ńdọ́ kan sọ fún Mọ́mì lọ́jọ́ kan pé, "Mà, ẹ sanwó ẹni tẹ́ ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò yẹn o."

Mọ́mì ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ó ń sùn. Tó bá jí, ìwọ ló máa gbọ̀n."

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti mọ Mútíátù. Ọmọ awakọ̀ ojú omi ni, ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò ké nígbà tí wọ́n bí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gan látìgbà yẹn. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ ló máa ń pọ̀n ọ́n wá, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ náà ló ń sọ tiwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gun pátákó, ó pariwo pé, "Àǹtí Bísí! Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń rẹ́rìn-ín!"

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: ilé ìwé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà nítòsí ilé wọn, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti orí ẹní rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin ni, ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Èmi ò kọ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e lọ tọ̀? Mi ò lẹ́ni tó máa ṣe é. Tó bá lè dìde lórí bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀, kó fi ọ̀pá lọ, kó fi ọ̀pá bọ̀, kó máa bọ̀ ní táàmù tuntun." Táàmù tuntun ò jìnnà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi dojú kọ dídìde lórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ náà ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mọ́mì tẹ̀ ẹ́ wò, kò yé e. Mútíátù fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí, pẹ̀lú ìgbéraga: "Ẹ̀yin ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bàbá mi ń ṣe é fún mi lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tiwa tóbi ju tiyín lọ."

Ẹ́ńjìn ọkọ̀ ojú omi ni. Bàbá rẹ̀ ti wo pátákó wa dáadáa, ó sì rí i pé pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ òun náà ń gbọ̀n, àní ó ń gbọ̀n jù ú lọ. Ó wá ń gbé ọmọ dúró lé pákó náà, ó ń fi ọ̀já so ó mọ́ òpó kó má baà ṣubú, bó ṣe ń gbé èrò lọ tó ń gbé wọn bọ̀ láti àárọ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé létí omi tí ó sì ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe é.

Mọ́mì ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀, kí n fi ojú ara mi rí i. Èmi ọmọ Ìtamaga, tí mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nígbà tí mo dé èbúté láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, kò sí bí mo ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ tán àfi kí n wọ̀ ọ́. Mútíátù wà níbi òpó rẹ̀, wọ́n ti so ó.

"Bàbá Mútíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

"Àǹtí, ó máa ṣubú."

"Ẹ gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò ní wọ ọkọ̀ tí wọ́n so ọmọ mọ́. Bí gbígbọ̀n bá ti pọ̀ jù, egungun rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ wo bó ṣe wú."

Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú ọ̀já. Mo wọlé torí pé ó tú u. Ìyá kan tó ń kó búrẹ́dì lọ tà ní òdìkejì fún wa ní àyè, ó sì gé búrẹ́dì lé Mútíátù lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n so bí ewúrẹ́ tẹ́lẹ̀?" Mútíátù dá a lóhùn pé, "Ewúrẹ́ kì í jẹ búrẹ́dì tó pọ̀ tó báyìí, mà. Ẹ fi kún un." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Omi funfun bíi wàrà láàárọ̀ yẹn. A ò rí òdìkejì. Ojú-oró ti pọ̀ lójú omi. Ohun tí mo rántí ni pé ìró ẹ́ńjìn yí padà, bí ẹni tí oúnjẹ há sí lọ́fun. Ewé ti wé mọ́ ọn. Bàbá Mútíà dìde láti yẹ̀ ẹ́ wò, èrò kan dìde pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ̀ fì. Lẹ́yìn náà, mo wà nínú omi.

Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó dákẹ́ lábẹ́ ibẹ̀. Ó tutù, ó sì láwọ̀ bíi tíì. Nígbà tí orí mi yọ, mo ń lu omi, mo ń mu ún. Ohùn kan wà létí mi, ohùn ọmọdé, kò sáré rárá. "Àǹtí, ẹ má bá a jà. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ wo òkè." Mútíátù ni. Ó ń léfòó lórí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ẹní. Ọmọ omi ni, bàbá rẹ̀ ti ń jù ú sómi láti ìgbà tó wà ní ìkókó. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo wo òkè. Kò sí ohunkóhun lókè àfi funfun. Bàbá rẹ̀ wá ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan sábẹ́ apá mi, ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń pe àwọn tó kù.

Ìyá oníbúrẹ́dì nìkan ni kò dáhùn.

Búrẹ́dì rẹ̀ léfòó. Wọ́n wà nínú ọ̀rá wọn, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, wọ́n ń wọnú kùrukùru lọ. Mo ṣì ń rí wọn. Mi ò ra búrẹ́dì nínú ọ̀rá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n bá ti tan pátákó, mo máa ń bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìró yẹn, oyin yẹn tí mo fẹ́ràn, ti di ìró ẹ́ńjìn létí mi. Mọ́mì ò bá mi wí, kò sì rọ̀ mí. Ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì fún mi kí n máa fọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, Mútíátù ò wá mọ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọmọ ló gbọ̀n ọkọ̀ dànù.

Lọ́jọ́ kan, Mọ́mì bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ. "Ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó yẹ kó bà ọ́. Ṣùgbọ́n táàmù Mútíátù ti ń wọlé bọ̀."

"Ẹ rán ẹlòmíì, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni màá rán? Wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rọ. Ìwọ ló bá wọn wà nínú omi. Lọ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ."

Mo lọ. Mo gba ọ̀nà ilẹ̀, mo jìnnà sí etí omi bí mo bá ṣe lè jìnnà tó. Ẹ́ńjìn náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé wọn, wọ́n fi tapólì bò ó. Bàbá Mútíà jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ ká fi gbígbọ̀n sílẹ̀. Ó tó."

"Mi ò gbé ẹ̀rọ wá, Bàbá Mútíà. Ọwọ́ mi nìkan ni."

"Ọwọ́ ọ̀hún náà rèé tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ohùn jáde láti inú ilé: "Ẹ jẹ́ kó wọlé, Bàbá. Omi ló ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe èmi."

Nígbà tí mo tẹ́ ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yọ ọ́ díẹ̀. "Ọwọ́ yín ń sáré, Àǹtí." Mo tún gbé e lé e. Ó ṣì ń sáré. Gbígbọ̀n ẹ̀rù máa ń já, ó máa ń fò, iṣan ọmọ á gbọ́ ọ, òun náà á sá. Mútíátù wá dùbúlẹ̀ gbalaja, ó wo òrùlé, ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ṣe lójọ́sí nínú omi, kí n dákẹ́, kí n máa mí. Mo dijú. A jọ ń mí. Ó pẹ́ kí èjìká mi tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì dẹ̀. Mo pariwo pé, "Dìde báyìí! Kó tó padé!" Bàbá rẹ̀ ló sáré wọlé wá di bẹ́ǹṣì mú.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá Mútíà lọ wọn bẹ́ǹṣì ilé ìwé, ó kan irú rẹ̀ sílé. Ó gbẹ́ ọ̀pá. Ó tiẹ̀ fi pákó ṣe ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìkọ́, ó gbé e dúró ní àgbàlá, kí ọmọ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, tí wọ́n sì ń tì í, láìjẹ́ kí ọ̀pá bọ́. Ìgbà mìíràn á dìde, ìgbà mìíràn á ṣubú sórí mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò di ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mo padà gun pátákó, Mọ́mì ló di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì tán nínú mi títí tí mo fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Pátákó tuntun dé, èyí tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde, tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, tí ọmọ tí kò lè dúró rárá náà lè lò. Ó dáa ju tàtijọ́ lọ. Mọ́mì ti sinmi. Èjìká mi ló ní kí n dúró, ó ti jẹ tán. Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó mọ̀ pé yóò pẹ́ kó tó rí nǹkan kan, ohun tó bá sì rí lè kéré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí fún yín.

Lọ́jọ́ tí táàmù wọlé, bàbá Mútíátù pọ̀n ọ́n dé ọgbà ilé ìwé, ó gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ̀gá. Mo ti gbọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé, ó ṣì dẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ó yá, màdáámú. Lọ kó o bọ̀." Mútíátù dìde. Ó fì, ó dúró. Ó gbéra. Ilé ìtọ̀ wà ní òdìkejì pápá, iyanrìn ló sì wà láàárín. Àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé. Ó rìn títí tí mi ò fi mọ ibi tí mo wà mọ́, ó wọlé, a gbọ́ tí ìkọ́ ilẹ̀kùn dún.

Ó pẹ́. Bàbá rẹ̀ gbéra, ọ̀gá na ọwọ́ sí i láyà. "Ẹ dúró níbẹ̀." A gbọ́ tí nǹkan ṣubú lulẹ̀ gbì. Bàbá Mútíà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà!" Ìgbà yẹn ni ohùn Mútíátù jáde, ó le koko: "Kí ẹnikẹ́ni má wọlé o! Ọ̀pá ló ṣubú! Mò ń tọ̀!"

Ọgbà ilé ìwé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, ìdí aṣọ rẹ̀ ti tutù, iyanrìn wà lórúnkún rẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Báàgì rẹ dà?" Ó mú un wọ kíláàsì.

Èmi àti bàbá rẹ̀ ṣì dúró sójú kan. Ọ̀gá tún jáde sí wa. "Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Ilé ìwé ti wọlé."

"Ẹ̀yìn mi..." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó wá ọmọ tí kò sí níbẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀, mà."

A jáde sí ẹ̀yìn ọgbà, àwa méjèèjì, a dúró lábẹ́ ògiri níbi tí a ti lè gbọ́ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ń ka A, B, D. Ohùn rẹ̀ ló lọ sókè jù, ó sì ń ṣáájú gbogbo wọn.